"Ìsédò eléwu púpọ̀"? Ẹ jẹ́ ká tún un wò o

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkòròdú tó kó ọ̀rọ̀ jọ fún ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fáwọn àgbẹ̀, lórí àwọn dáàmù kéékèèké tí wọ́n ń fi yẹ̀pẹ̀ mọ láti dá àgbàrá ró ní ìgbèríko, ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Mo rí i pé ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ̀ ń túmọ̀, kò burú, àwọn ló ní in lọ́pọ̀, láti 1948 tí wọ́n ti parí ti Cloud Creek ní Oklahoma, òfin 1954 wá sọ ọ́ di nǹkan tí ìjọba ń náwó sí káàkiri, wọ́n sì ti ṣe ju 11,000 lọ. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti pe "high-hazard dam" ní "ìsédò eléwu púpọ̀" yẹn, ẹ má bínú, mi ò lè jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ka "eléwu púpọ̀" ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ohun tó máa yé e ni pé dáàmù ọ̀hún ti sán, ó fẹ́ ya, ká tètè kẹ́rù. Láti ìgbà tí dáàmù Alau ti ya ní Màídúgùrì ní September 2024, tí omi gba apá ńlá nínú ìlú, ta ló máa gbọ́ "eléwu" tó máa dúró béèrè ìtumọ̀? Bẹ́ẹ̀ ohun tí ìwé yẹn ń sọ kọ́ nìyẹn. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn dáàmù sí, wọ́n ń wo ohun tó máa bàjẹ́ tí dáàmù bá ya, èyí tó ga jù túmọ̀ sí pé tó bá lọ ya, ẹ̀mí èèyàn lè lọ sí i, kò sọ bóyá dáàmù le tàbí ó ti gbó. Èyí tó dúró digbí lè wà lókè pátápátá torí ilé wà nísàlẹ̀ ẹ̀, èyí tó ti ń wó lọ lè wà nísàlẹ̀ torí oko nìkan ló dojú kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, oko ló wà nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n mọ ọ́n, ìgbà tó yá àwọn èèyàn ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, wóró yẹ̀pẹ̀ kan ò yí padà lára dáàmù, ìpele ẹ̀ ṣáà gòkè. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe ń tà láti Ìbẹ̀jú wá sí Ẹ̀pẹ́ láyé ìsinyìí, èmi kọ́ ni màá ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Torí náà, "ìsédò ẹ̀mí-ń-bẹ-nísàlẹ̀" lèmi dá. Ó gùn, mo mọ̀, àmọ́ kò purọ́. Ẹni tó dábàá "amẹ́mìídání" lánàá gbìyànjú, ó kúrú, ó dùn ún pè, ṣùgbọ́n ó ń dún létí mi bí ajínigbé.

"Ìsédò" fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ká sé nǹkan ni ká tì í pa, àwọn dáàmù yìí ò sì ti nǹkan kan pa. Páìpù kan wà nínú ẹ̀ tí kò nílẹ̀kùn, òjò á rọ̀, omi á kún, á wá máa gba páìpù jáde díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣí nǹkan kan. Ẹ lọ sọ fáwọn ará Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú pé dáàmù máa gbà wọ́n lọ́wọ́ omíyalé, wọ́n á pòṣé sí yín ni, torí ti Ọyán lápá Abẹ́òkúta, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983, nìkan ni wọ́n mọ̀, tí odò Ògùn bá ti kún dé ọ̀dọ̀ wọn, "wọ́n ti ṣí dáàmù" ni wọ́n ń wí. Èmi fara mọ́ "adágbàráró". Ẹni tí wọ́n dá ró lọ́nà ṣì máa délé, ó kàn máa pẹ́ ni.

"Alámọ̀" tẹ́ ẹ pe dáàmù tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ, rárá. Inú ikùn ẹ̀ lamọ̀ máa ń wà, yẹ̀pẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi ń bò ó. "Oníyẹ̀pẹ̀" ti tó.

Ó wá ku "ojú àkúnwọ́sílẹ̀" tẹ́ ẹ pe ibi tí omi ń gbà lọ nígbà tó bá pọ̀ ju ti páìpù lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, àkúnwọ́sílẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá pè é láàárín ọjà, "àmín" làwọn èèyàn máa dáhùn! Kí omi sì kún wọ́ sílẹ̀ lórí dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ gan-an ló ń pa á, á máa bó yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ títí táá fi ya. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń la ọ̀nà yìí sí, koríko ni wọ́n ń jẹ́ kó wà níbẹ̀, omi sì lè má gbabẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn èèyàn gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ tàbí kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù sí i. "Ojú àgbàrá" ni ká pè é jàre. Kò sí ará Èkó tí ò mọ ẹjọ́ ẹni tó kọ́lé sójú àgbàrá, àgbàrá ò kúkú lóun ò nílé wó.

Èyí tó kàn mí jù ni "jíjò" tẹ́ ẹ pe omi tó ń yọ lára dáàmù. Kò sí dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ tí omi kì í yọ díẹ̀ lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé "tó bá ń jò, ẹ sá", ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa sá, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò ní sá mọ́. Ẹni tó ní pọ́ọ̀ndù ẹja oníyẹ̀pẹ̀ mọ̀ ọ́n: lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tó gba inú yẹ̀pẹ̀ kọjá, koríko á tutù yọ̀yọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ ibẹ̀ omi á yọ, á mọ́ gaara. Ìyẹn ń sun ni, ẹ máa ṣọ́ ọ bóyá ó ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ tó bá rú, tó ń to yẹ̀pẹ̀ lúbúlúbú jọ bí òkìtì eèrà síbi tó ń gbà jáde, omi ti ń jẹ inú dáàmù nìyẹn. Dáàmù Teton ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, 5 June 1976, kì í ṣe kékeré, kò sì tíì gbó, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ omi kún un ni, àárọ̀ ni wọ́n rí omi tó rú, aago méjìlá ọ̀sán ò tíì lù tó fi ya, èèyàn 11 ló kú. Ẹ fi "sísun" sí ibì kan, ẹ fi "omi-ń-jẹnú" sí ibòmíì, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìkejì.

Lórí igi tí ẹ ní ká má gbìn sórí dáàmù, mo fara mọ́ ọn, gbòǹgbò tó bá jẹrà á di ihò fún omi. "Ẹranko agbẹ́hò-sílẹ̀" yẹn nìkan ló kù. Ẹ kúkú kọ òkété.