Ẹ̀rù àgbáyé tàbí ìpayà àìkàkún: kí la ó pe cosmic horror?

Ẹ̀yin ará wa,

Àbá méjì ló ti wọlé lórí orúkọ Yorùbá tí àwa olùtumọ̀ yóò fún ohun tí òyìnbó ń pè ní cosmic horror, ìtàn tí ìbẹ̀rù inú rẹ̀ ti ń wá láti ọ̀dọ̀ ohun ńlá tí ènìyàn kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀: “ẹ̀rù àgbáyé” àti “ìtàn òrìṣà àjèjì”. Èmi ò gba ìkankan. Ìwé Victor LaValle, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ fi dán wọn wò: The Ballad of Black Tom, tó jáde ní 2016 láti dá H. P. Lovecraft lóhùn, òyìnbó Amẹ́ríkà tí a mọ irú ìtàn yìí mọ́ jù.

Ife àgbáyé, ogun àgbáyé: níbi gbogbo tí a ti ń lo àgbáyé, ènìyàn ló kún inú rẹ̀. Ohun tó ń ba Lovecraft lẹ́rù wà níbi tí ènìyàn kò sí, láàárín ìràwọ̀ àti nísàlẹ̀ òkun. Ẹ̀rù náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹ tẹ “itan eru” sórí fóònù láìfi àmì sí i: ìtàn ẹ̀rù ni, ìtàn ẹrù ni, àbí ìtàn ẹrú? Nínú ìwé tó dá lórí aláwọ̀ dúdú Harlem, àdúgbò kan ní New York, ẹrú ni òǹkàwé máa kọ́kọ́ rí. Ìpayà kò ní ìbejì. Bí ẹ bọ́ àmì lára rẹ̀, ìpayà náà ni.

Òrìṣà ló burú jù. Nínú The Call of Cthulhu, ìtàn Lovecraft nípa Cthulhu, ẹ̀dá abàmì ńlá tó ń sùn nísàlẹ̀ òkun, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Weird Tales lóṣù kejì ọdún 1928, àwọn ọlọ́pàá New Orleans wọ inú irà lọ ní 1907, wọ́n ká àwọn kan mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jó yí iná ká. Atukọ̀ òkun ló pọ̀ jù nínú wọn, adúláwọ̀ àti ẹlẹ́jẹ̀ àdàlù sì wà láàárín wọn. Lovecraft ní ohun tí wọ́n ń ṣe burú ju vodun Áfíríkà tó dúdú jù lọ. Ẹ wò ó: ẹ̀sìn àwọn Fọn tó múlé tì wá ní Benin ló sọ di òṣùwọ̀n ibi. Tí àwa náà bá wá pe Cthulhu ní òrìṣà tàbí irúnmọlẹ̀, a ti fi ẹnu ara wa jẹ́rìí sí i. A sì ti jìyà irú ẹ̀ rí. Bíbélì Yorùbá fi Èṣù ṣe orúkọ Sátánì, títí dòní la ṣì ń ṣàlàyé.

Iwin àti ebora kò bá a mu, àmọ́ ìdí tiwọn yàtọ̀. Nínú igbó irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, ebora a máa bá ọdẹ sọ̀rọ̀, a bú u, a bá a jìjàkadì. Ó mọ̀ pé ọdẹ dé. Cthulhu ò mọ̀. Bí a ṣe ń tẹ èèrà mọ́lẹ̀ lọ́nà oko láìbojú wolẹ̀ ló rí. Kò kà wá kún rárá, ibẹ̀ gan-an ni ìpayà ti wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní “ìpayà àìkàkún”. Aláwọ̀ dúdú New York ní 1924, ìgbà tí ìtàn LaValle wáyé, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé àìkàkún fún un.

—

Àbúrò, o ṣeun. Lórí òrìṣà, mo gbà láìjiyàn. Àìkàkún ni mi ò tíì gbé mì. Àìkàsí ti wà nílẹ̀, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Kí la tún ń ṣẹ̀dá òmíràn sí? Ẹni tó bá sì rí “ìpayà àìkàkún” lẹ́yìn ìwé lè rò pé ìwé ìṣirò ni.

O ò tíì fún iṣẹ́ LaValle lórúkọ pẹ̀lú. Àtúnkọ kò tó: àtúnkọ ni tíṣà ń ní kí ọmọ ṣe bí kò bá mọ̀wé kọ dáadáa. Kí la sì fẹ́ ṣe sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tó jẹ́ pé ìjà Yorùbá àti Haúsá ni rédíò ilé wa ń fi pè?

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tún èrò mi ṣe láìmọ̀. Ẹ kí ẹnìkan, ó rí yín, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́: kò kà yín sí. Ẹni tó pín ẹran tí kò tilẹ̀ rántí pé ẹ wà nílé, kò kà yín kún. Mo da méjèèjì pọ̀ lókè, bẹ́ẹ̀ orí ìyàtọ̀ yìí ni ìwé LaValle dúró lé.

Lovecraft gbé Brooklyn ní New York láti 1924 sí 1926, ó sì kọ The Horror at Red Hook ní 1925. Àwọn àjèjì Red Hook, àdúgbò kan ní Brooklyn, ló fi ṣe ohun ìpayà. LaValle mú Suydam, àgbàlagbà tó ń ṣe awo, àti ọlọ́pàá Malone láti inú rẹ̀, ó fún Charles Thomas Tester, aláwọ̀ dúdú Harlem, ní ìdajì àkọ́kọ́ ìwé tirẹ̀, ó fi ìyókù fún Malone. Wọ́n yìnbọn pa bàbá Tester nínú ilé rẹ̀, ẹni tó yìn ín ní òun rò pé gìtá ọwọ́ rẹ̀ ìbọn ni. Àìkàsí nìyẹn: wọ́n rí i, wọ́n sì pa á. Nígbà tí Tester wá gbé e sí ìwọ̀n, àìkàkún ojú ọ̀run sàn lójú rẹ̀ ju àìkàsí ọmọ ènìyàn lọ. Olùtumọ̀ tó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì yóò pàdánù ibẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìwé, “ìtàn ìpayà” lásán ti tó.

Fún irú iṣẹ́ tí LaValle ṣe yìí, mo dábàá “ìtàn afèsì”: ẹ̀dá-ìtàn àti ibùdó kan náà, ojú tó ń wò wọ́n ló yí padà. Ìwé Lovecraft Country ti Matt Ruff, tó jáde ní 2016 náà, kò wọ abẹ́ rẹ̀ tán lójú tèmi. Kò dá ìtàn kan pàtó lóhùn. Ó kó ìpayà Lovecraft sẹ́gbẹ̀ẹ́ Amẹ́ríkà 1954 ni.

Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì lè ṣiṣẹ́, bí a bá kọ “ẹlẹ́yàmẹ̀yà nítorí àwọ̀” nígbà àkọ́kọ́. Ní ti sundown town inú ìwé Ruff, níbi tí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú bá aláwọ̀ dúdú, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ bíi ti abúlé: ìlú Oòrùn-ò-gbọdọ̀-wọ̀-bá-ọ. Kí ẹ̀yin olóòtú má yọ dáàṣì inú rẹ̀ o; bí ẹ bá yọ ọ́, ó di gbólóhùn, kì í ṣe orúkọ mọ́.