Sáìtì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá iṣẹ́ wa lórí Google kì í rí i. Kí la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Sáìtì ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. WordPress ni wọ́n fi kọ́ ọ, ojú ìwé 14 ló ní. Béèyàn bá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà gẹ́lẹ́ sínú Google, ó ń jáde. Ṣùgbọ́n béèyàn bá kọ "àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ", a ò rí i rárá. Bí mo bá kọ site: mọ́ àdírẹ́sì sáìtì náà, ojú ìwé 4 péré ló ń yọjú. Ẹnì kan ní ká sanwó, òun á bá wa wá líǹkì 500 láti sáìtì àwọn ẹlòmíì tó darí sí tiwa. Ẹlòmíì ní ká to ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sínú meta keywords, ibi kan nínú kóòdù ojú ìwé tí òǹkàwé kì í rí. Èwo ni ká gbọ́?

Ìyá Kóòdù:
Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ní ti meta keywords, Google ti sọ ọ́ ní gbangba láti ọdún 2009 pé àwọn kì í wò ó tí àwọn bá ń to èsì. Ẹni tó bá ṣì ń tà á fún yín lónìí, ẹ dágbére fún un.

Ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè fà á tí wọn ò fi rí yín. Ojú ìwé náà lè má sí nínú àkọsílẹ̀ Google rárá. Ó lè wà níbẹ̀ kó jẹ́ pé ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n tò ó sí. Ó sì lè máa jáde níwájú kó má sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́. Oògùn wọn ò jọra, ẹ sì ní láti mọ èyí tó ń ṣe yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ má fi site: ṣe ẹ̀rí, torí kì í gbé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ Google jáde. Ẹ lọ sí Search Console, ibi tí Google ti ń fi han onísáìtì bí òun ṣe ń rí sáìtì rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, "Domain" ni kí ẹ yàn, kí http, https, èyí tó ní www àtèyí tí kò ní lè jọ wà lójú kan. Wọ́n á fún yín ní ọ̀rọ̀ gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú google-site-verification. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti ra orúkọ sáìtì, ẹ fi kún DNS, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń darí orúkọ sáìtì, kí irú rẹ̀ jẹ́ TXT. Bí kò bá gbà lójú ẹsẹ̀, ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, nígbà míì ó máa ń tó ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má sì yọ ọ́ kúrò tó bá ti gbà, torí wọ́n máa ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí "Pages" lábẹ́ "Indexing", kí ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Excluded by noindex tag" túmọ̀ sí pé sáìtì yín fúnra rẹ̀ ló ní kí Google má gbà á. Nínú WordPress, ẹ wo Settings, lẹ́yìn náà Reading, àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí. Àwọn tó ń kọ́ sáìtì máa ń fàmì sí i nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí, wọn á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. "Discovered – currently not indexed" ní tiẹ̀ túmọ̀ sí pé Google mọ̀ pé ojú ìwé náà wà àmọ́ kò tíì wá kà á. Ó lè jẹ́ pé kò sí líǹkì kankan nínú sáìtì yín tó lọ síbẹ̀. "Crawled – currently not indexed" ló le jù. Ó ti kà á tán, ó sì pinnu pé òun ò ní gbà á síbẹ̀ ná.

Àṣìṣe kan tún wà tí mo máa ń rí nídìí iṣẹ́ yìí: wọ́n á fi noindex sójú ìwé kan, wọ́n á tún fi robots.txt, fáìlì tó ń sọ ibi tí Google ò gbọ́dọ̀ wọ̀, dí ojú ìwé yẹn kan náà. Google ò ní lè wọlé ka noindex ọ̀hún, àdírẹ́sì náà á sì lè máa yọjú láàárín èsì. Ọ̀kan ni kí ẹ lò.

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́:
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti wò ó. Méjì ní noindex. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ "Crawled – currently not indexed" sí. Àwọn mẹ́jọ yẹn jọra: orúkọ àdúgbò nìkan ló yàtọ̀ nínú wọn, ìyókù ọ̀rọ̀ ojú ìwé, ọ̀kan náà ni.

Adáwọ́lé:
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Doorway ni Google ń pe irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì wà lára ohun tí òfin wọn lórí spam kọ̀. Ẹ kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú ojú ìwé kan ṣoṣo tó sọ gbogbo àdúgbò tí ẹ ń dé. Kí ẹ wá fi 301 (àmì pé àdírẹ́sì ti ṣí lọ títí láé) darí àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ síbẹ̀. Ẹ má darí wọn sí ojú ìwé àkọ́kọ́ o. Bí ohun tó wà níbi tí ẹ darí wọn sí ò bá jọ ohun tó wà lójú ìwé àtijọ́, Google lè kà á sí soft 404 (ojú ìwé tí kò sí mọ́ ní ti gidi), á sì dà bí ẹni pé ẹ pa á rẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi pín ojú ìwé ni àìsàn ẹ̀rọ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bà jẹ́ kì í sábà kọ "àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ tó dára jù lọ". Ohun tó ń ṣe é ló máa kọ: ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń já òwú, kò gbé aṣọ lọ síwájú, òwú ń lọ́jú pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí èyí tó ń já òwú, ẹ sọ ohun tó ń fà á: abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, òwú tí wọ́n fà le jù, ojú irin abẹ́ abẹ́rẹ́ tó ti họ. Ẹ sọ èyí tí oníbàárà lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe nílé, èyí tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, irú ẹ̀rọ tí ẹ ń gbà, bó ṣe máa ń pẹ́ tó àti iye tó máa ń náni. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi iye owó pa mọ́, èmi ò rò pé ó ń ṣe wọ́n láǹfààní kankan.

Kí àkọlé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì sì ṣáájú: "Ẹ̀rọ ìránṣọ ń já òwú: ohun tó ń fà á àti àtúnṣe rẹ̀", kí orúkọ yín wá gbẹ̀yìn. Google ò dá iye lẹ́tà kan pàtó, ṣùgbọ́n tó bá ti ń lọ sí nǹkan bí 60, wọ́n lè gé e lójú fóònù. Meta description, àlàyé kúkúrú nípa ojú ìwé, ò ní gbé yín síwájú, àmọ́ òun lèèyàn máa ń rí lábẹ́ àkọlé, ó sì lè mú kó tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá ń so ojú ìwé pọ̀, ẹ má kọ "tẹ ibí". Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ojúlówó:
Ní ti líǹkì 500 yẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Òfin Google kọ líǹkì tí wọ́n rà láti fi gòkè, èyí tí wọ́n bá sì sanwó fún bí ìpolówó gbọ́dọ̀ ní rel="sponsored" tàbí nofollow nínú kóòdù rẹ̀, àmì pé kí Google má fi gbé sáìtì gòkè. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn ò ní ka irú líǹkì bẹ́ẹ̀ sí rárá, owó yín á kàn ṣòfò. Tó bá burú, ìjìyà lè yọ sábẹ́ "Manual actions" nínú Search Console. Ẹ bá àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún yín sọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ojú ìwé tí wọ́n ń to orúkọ àwọn atúnṣe sí. Ẹ lọ bá àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìránṣọ pẹ̀lú.

Ẹ má sì gbàgbé Google Business Profile, ìyẹn àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ yín lórí máàpù Google. Ẹni tó ń wá atúnṣe nítòsí rẹ̀, máàpù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn án, ohun mẹ́ta ni Google sì ní òun fi ń to ibẹ̀: bí iṣẹ́ yín ṣe bá ohun tó ń wá mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí i, àti bí ẹ ṣe lókìkí tó. Ẹ yan ẹ̀ka iṣẹ́ tó ṣe wẹ́kú jù. Orúkọ tó wà lára pátákó yín ni kí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ má fi "àtúnṣe kíákíá" tàbí orúkọ àdúgbò kún un, wọ́n lè tì í pa nítorí ẹ̀. Kí nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ibẹ̀ bá ti sáìtì mu.

Ẹ wo àwọn fọ́tò náà. Èyí tí fóònù yà lè fẹ̀ tó piksẹ́lì 4000, kó wúwo ju MB mẹ́ta lọ, nígbà tó jẹ́ pé 1200 ti tó ibi tí ẹ fẹ́ fi í sí. Ẹ dín in kù, ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, kó má ju KB 200 lọ. Ẹ kọ width àti height sí i kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò sókè sódò tí fọ́tò bá ń wọlé. Àwòrán ńlá tó wà lókè pátápátá, ẹ má fi lazy loading (dídá àwòrán dúró títí òǹkàwé á fi sún mọ́ ọn) sí i. Ohun tí Google ń fẹ́ ni pé kí LCP (àkókò tí ohun tó tóbi jù lójú ìwé fi máa yọ) má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 2.5, kí INP (àkókò tí ojú ìwé fi ń dáhùn béèyàn bá tẹ nǹkan) má kọjá 200 ms, kí CLS (bí ohun tó wà lójú ìwé ṣe ń fò kiri tó) má ju 0.1 lọ.

Ìyá Kóòdù:
Òótọ́ ni, àmọ́ èmi á fi ọ̀rọ̀ eré sáìtì sẹ́yìn. Ojú ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú, bó sáré títí, òfìfo náà ni.

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́, tí ẹ bá ti tún ojú ìwé kan ṣe, ẹ lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú URL Inspection nínú Search Console, kí ẹ tẹ "Request indexing" lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní iye tó gbà lóòjọ́, títẹ̀ ẹ́ léraléra ò sì mú un yá. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹ wá ṣí "Performance", ẹ fi ọjọ́ 28 wé ọjọ́ 28 tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti wà ní ipò 8 sí 20 lórí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé, torí wọ́n ti sún mọ́ iwájú.

Àwọn méjì tó ní noindex yẹn ńkọ́? Kí ló wà níbẹ̀?

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́:
Ọ̀kan ni èyí tó ń jáde tí oníbàárà bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tán, "Ẹ ṣeun, a ti rí i gbà". Èkejì ni ojú ìwé iye owó.

Ìyá Kóòdù:
Ẹ fi ti "ẹ ṣeun" sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti iye owó, ẹ ṣí i nínú WordPress, ẹ wo ibi tí plugin SEO yín (àfikún WordPress tó ń bójú tó bí Google ṣe ń rí sáìtì) wà nísàlẹ̀, ẹ yọ noindex kúrò lónìí.