Bí a ṣe lè sọ orúkọ ẹni di lógò tí yóò dúró lára fìlà, ìgò àti báàgì

Aláṣè, Peckham:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ lókè òkun. Iṣẹ́ àsè ni mò ń ṣe níbí, mo sì ń ta ata díndín inú ìgò fún àwọn tí kò ráàyè dáná. Mo fẹ́ kí orúkọ mi, Bọ́sẹ̀, di lógò, láìsí àwòrán ìkòkò tàbí ṣíbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà nìkan ni, tí a kọ ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn oníbàárà yóò fi máa dá a mọ̀. Yóò wà lára ìgò àti lára épírọ́ọ̀nù àwọn tí ń bá mi ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ kí fìlà àti báàgì ti wà nílẹ̀ kí a tó lọ sílé fún ọdún Káyókáyó, àjọ̀dún ìlú Ẹ̀pẹ́ wa. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún yọ gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rọrùn fún àwọn òyìnbó. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ayàwòrán lógò, Dublin:
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àwọn àmì yẹn lọ́wọ́ yín. Nínú orúkọ tí ó kúrú báyìí, àwọn ni ẹwà rẹ̀, àwọn ni yóò sì jẹ́ kí ojú tètè rí i láàárín ọ̀pọ̀ ìgò lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n àwọn náà ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́ bí iṣẹ́ bá kéré, nítorí náà ìmọ̀ràn tí mo kà sí jù lọ ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó ṣòro jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, èyíinì ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ iwájú fìlà. Orúkọ tí ó bá ṣeé kà níbẹ̀ yóò ṣeé kà lára ìgò, lára báàgì, àní lára ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ya lógò fún ojú fóònù, tí ó wá ń wá bí yóò ṣe gbé e sórí fìlà lẹ́yìn náà, àfàìmọ̀ ni kò ní tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ náà sórí ìwé ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ ó rí i pé bí a bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀, àmì ohùn yóò tún gun orí Ọ àti Ẹ, orúkọ yóò sì ga kọjá bí ó ṣe yẹ. Bí ó bá jẹ́ B nìkan ni ó jẹ́ lẹ́tà ńlá, àmì ohùn yóò bọ́ sí àyè tí ó ṣófo lókè àwọn lẹ́tà kékeré, ní ìbámu pẹ̀lú orí B, gbogbo rẹ̀ yóò sì dúró pọ̀ ní ìlà kan.

Ní ti fọ́ńtì, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán níbí kò mọ̀. Nínú Unicode, àkójọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kóòdù kan wà fún ọ, kóòdù kan sì wà fún ó, ṣùgbọ́n kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí fún ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti gbé àmì ohùn ka orí lẹ́tà tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀, fọ́ńtì tí wọn kò bá sì ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Noto ti Google, àti Gentium, Charis àti Andika ti àjọ SIL, ń gbé e dáadáa, ìwé àṣẹ wọn sì gbà wá láàyè láti lò wọ́n fún ọjà títà láìsan kọ́bọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn fọ́ńtì ọ̀fẹ́ tí a kọ sí i lára pé ìlò ara ẹni nìkan ni wọ́n wà fún, nítorí ìgò tí a ń tà ti kúrò ní ìlò ara ẹni.

Fọ́ńtì kàn jẹ́ ìpìlẹ̀ ni. Ọwọ́ ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àmì ohùn kúrú, kí ó sì nípọn tó ìlà lẹ́tà fúnra rẹ̀. Bí ó bá wù yín, ẹ lè sọ àmì ìsàlẹ̀ di ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà, bí a ti ń rí i nínú àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́, nítorí pé òwú máa ń rí ibi dì mú lórí ìlà ju orí ẹ̀kán kékeré lọ.

Bí ìrísí rẹ̀ bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ lẹ́tà náà di àwòrán. Nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ṣí Path, kí ẹ sì tẹ Object to Path. Láti ìgbà náà lọ, atẹ̀wé tí kò ní fọ́ńtì yín lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè ṣèèṣì yí orúkọ yín padà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tí ó ṣì ṣeé tún kọ. Fáìlì SVG tàbí PDF ni kí ẹ máa fún àwọn oníṣẹ́, nítorí ó ṣeé fẹ̀ dé ìwọ̀n pátákó ojú títì láìbàjẹ́.

Aláṣè, Peckham:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ẹ̀pẹ́ ní òun yóò bá mi gbé fìlà, épírọ́ọ̀nù àti báàgì fún oníṣẹ́ nílé. Kí ni kí n fi ránṣẹ́ sí i?

Oníṣẹ́ mónógírámù, Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́:
Mo kí yín láti ilé o, Àǹtí. Ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi lógò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹni fi fọ́tò ránṣẹ́, WhatsApp yóò fún un pọ̀, etí lẹ́tà yóò sì ya. Ẹ yan document, kí ó lè dé bí ó ti wà. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú, nítorí pé "kí ó tóbi díẹ̀" kò yé ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ yóò yí àwòrán náà sí fáìlì tí ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ ń kà, DST ni èyí tí ó wọ́pọ̀, iṣẹ́ yìí gan-an sì ni ẹ ń sanwó fún. Ẹ gba fáìlì DST náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má baà tún san owó kan náà níbòmíràn.

Bí lẹ́tà kékeré bá kúrú ju milimítà 5 lọ, ihò inú lẹ́tà ẹ yóò dí, àmì ìsàlẹ̀ yóò sì rì sínú aṣọ. Àwọn kan a máa fẹ́ kí n fi 1851, ọdún tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò, dé Ẹ̀pẹ́, èyí tí Káyókáyó ń ṣe ìrántí rẹ̀, sí abẹ́ orúkọ lórí fìlà Káyókáyó. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn fìlà, níbi tí àyè ti wà fún un láti tóbi. Bí ó bá jẹ́ fìlà aṣọ òkè, a gbọ́dọ̀ fi gum stay, aṣọ líle tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ, sí abẹ́ rẹ̀ kí òwú má baà ká aṣọ jọ. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín gba àpẹẹrẹ ẹyọ kan lórí aṣọ náà gan-an, kí ó gbé rúlà lé e, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ ní ojúmọmọ, kí ó sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ní kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú.

Ní ti báàgì, bí wọ́n bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé wọn lọ sí Ṣómólú ní Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, fún screen printing, èyíinì ni títẹ ọ̀dà gba inú férémù aláwọ̀n sórí aṣọ. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní férémù tirẹ̀ tí a ó sanwó fún, nítorí náà lógò aláwọ̀ kan ni ó ń dín owó kù jù. Kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ọdún bá ti ń súnmọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń gbé iṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀gbọ́n, Manchester:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a wo apá òfin. Bí a bá yọ àmì kúrò lára Bọ́sẹ̀, ó di Bose, orúkọ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́hùn, èyí tí Amar Bose dá sílẹ̀ ní 1964. Àmì ohùn nìkan kì í sábà tó láti fi ya orúkọ méjì sọ́tọ̀ lójú àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò, òfin Gẹ̀ẹ́sì sì fún àmì olókìkí ní ààbò tí ó lè kọjá irú ọjà tí ó ń tà. Àbúrò mi, orúkọ yín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi òun nìkan ṣe orí ọjà.

Orúkọ tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ wá a nínú àkójọ orúkọ ọjà tí ìjọba ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìsọ̀rí 45 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé pín ọjà àti iṣẹ́ sí: ata inú ìgò bọ́ sí ìsọ̀rí 30, àsè sísè sí 43, aṣọ àti fìlà sí 25. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú èyí tí ẹ ń tà ní tòótọ́. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, ààbò náà yóò bo orúkọ ní ìrísíkírísìí. Bí ó bá jẹ́ bí àwòrán, ìrísí yẹn ni ó dì mú jù. Ọdún 10 ni ó ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a tó tún un ṣe. Kò bo Nàìjíríà rárá. Àbújá ni ti ibẹ̀, ọdún 7 ni ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó di ọdún 14 nígbàkigbà tí a bá tún un ṣe. Kí ẹ má sì fi ® sí ara ìgò kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin níbí.

Aláṣè, Peckham:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbójútó. Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n sọ mí gan-an, òun náà sì ni ìyá mi fi ń pè mí títí di òní. Ṣé gígùn rẹ̀ kò ní ba iṣẹ́ fìlà jẹ́?

Ayàwòrán lógò, Dublin:
Kò ní bà á jẹ́, Àǹtí. Ó tilẹ̀ dára sí i fún iṣẹ́ wa. Òpó d ti gòkè bíi ti B, àmì ohùn méjèèjì yóò sì dúró láàárín wọn, kí ti é tó tẹ̀lé e. Ẹ fi dúdú nìkan yà á ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan àwọ̀, kí ẹ sì mú nọ́ńbà Pantone kan fún un, èyíinì ni nọ́ńbà tí àwọn atẹ̀wé fi ń dá àwọ̀ kan náà mọ̀ níbi gbogbo, nítorí pé pupa ojú fóònù kì í jáde bákan náà lórí ìwé àti lórí òwú. Bí ẹ bá ń ronú ife àti ẹ̀wù ní ọjọ́ iwájú, ẹ rántí pé sublimation, èyíinì ni fífi ooru tẹ àwọ̀ wọ inú nǹkan, kò ní í mú lára aṣọ òwú lásán, kò sì lè tẹ funfun sórí dúdú. DTF, èyí tí a kọ́kọ́ ń tẹ̀ sórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí a tó fi ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ni ó yẹ fún ẹ̀wù dúdú. Ẹ fi okùn wọn àyíká ìgò yín àti gíga ibi tí ó tẹ́jú lára rẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀n méjèèjì sí ìsàlẹ̀ níbí, n ó sì fi àwọn ìlà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kí gbogbo wa lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò.