“Ilé olówó pọ́ọ́kú” kọ́: lórí ilé tápá ká àti kọ́ńpìnnì ìlú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Èmi ni mo dá wàhálà ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀. Mò ń túmọ̀ ìròyìn kan tí mo fẹ́ kà nínú ètò Yorùbá lórí rédíò níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Benin. Ìròyìn náà dá lórí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń dá kọ́ńpìnnì tiwọn sílẹ̀ láti kọ́lé tí ará ìlú á lè san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ní kí ẹ bá mi wá: ọ̀kan fún kọ́ńpìnnì náà, ọ̀kan fún ilé náà. Ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu fi “ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba ìbílẹ̀” àti “ilé olówó pọ́ọ́kú” ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ yín sì ní ó ti tó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè kà á síta bẹ́ẹ̀.

“Ìjọba ìbílẹ̀” kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Nàìjíríà la ti yá a, ó sì ti mọ́ wọn lẹ́nu lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa, oògùn ni ìbílẹ̀, aṣọ ni ìbílẹ̀. Bí mo bá sọ ìjọba ìbílẹ̀ fún ìyá mi, ààfin ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ẹ̀yin náà ní Kétu, bí ẹ bá dúró lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ̀nà tí ẹ kéde pé ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kọ́lé, ṣé kì í ṣe Alákétu ni wọ́n máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Komíìnù 77 ló wà nílẹ̀ yìí, ohun tí tọmọdé tàgbà sì ń pe ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ọjọ́ ìbí ni mérì. Ọ̀rọ̀ tó ti jókòó sẹ́nu, kí la fẹ́ fi lílé e dìde ṣe?

Ó ku “olówó pọ́ọ́kú”. Ẹni tó bá gbọ́ olówó pọ́ọ́kú ní ọjà Ouando, ńṣe ló máa yí ọjà náà wò lẹ́yìn, kó wo ibi tó ti fàya. Àwọn Faransé pàápàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí. Ohun tí wọ́n ń pe irú ilé yìí tẹ́lẹ̀ ni HBM, “habitations à bon marché”, olówó pọ́ọ́kú gan-an nìyẹn. Lọ́dún 1950 wọ́n yí i padà sí HLM, “à loyer modéré”. Wọ́n fi iye ilé sílẹ̀, wọ́n mú owó tí ayálégbé ń san lóṣù. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn, nítorí ilé lè wọ́n láti kọ́ kí owó oṣù rẹ̀ má wọ́n.

Tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún burú jù bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ní oríṣi owó ilé kan tí wọ́n ń pè ní èyí tápá ká, tó sì lè dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́jà. Ìyẹn ni pé níbi tí onílé ti ń gba 1,000 pọ́ùn lóṣù, 800 lè jẹ́ “èyí tápá ká”. Kí n wá dúró sídìí ẹ̀rọ rédíò kí n ní 800 pọ́ùn lóṣù jẹ́ pọ́ọ́kú? Irọ́ ni màá pa.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú “ilé tápá ká” wá. Olùkọ́ wa láti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ náà kò pé, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á béèrè pé apá ta ni. Olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n béèrè gan-an nìyẹn! Apá mọlémọlé kọ́ ni apá dókítà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbé ìbéèrè yẹn dání. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣeré díẹ̀: “abordable” tí àwọn Faransé ń sọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Etí ọkọ̀ ni “bord”, èbúté tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí ló sì jẹ́ “abordable”. Ó kù díẹ̀ kí n dábàá “ilé àgúnlẹ̀sí” fún yín, ó ṣe tán a wà létí ọ̀sà. Mo bi ara mi léèrè ẹni tí yóò lóye rẹ̀ lẹ́yìn èmi nìkan, mo pa á tì.)

Ibi tó le gan-an ni ọ̀rọ̀ “ilé-iṣẹ́”. Láyé àtijọ́, ìgbìmọ̀ ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló ń kọ́lé, òun náà ló ń gba owó ilé. Òfin ọdún 1980 wá fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilé tó ń gbé ní ẹ̀dínwó, ni ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Nígbà tó di 2011, òfin mìíràn ní ìgbìmọ̀ ìlú lè ṣe ohunkóhun tí ènìyàn kan lè ṣe, àmọ́ tó bá jẹ́ pé òwò ló fẹ́ fi ṣe, kó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ rí ihò tí wọ́n lè gbà yọ níbẹ̀. Ilé tó wà lórúkọ kọ́ńpìnnì kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ lójú òfin, ẹ̀tọ́ ẹ̀dínwó yẹn kò sì ká a. Ìjọba tún ti fi òdiwọ̀n sí iye tí ìgbìmọ̀ lè yá sórí ilé tirẹ̀, òdiwọ̀n tí wọn kò mú kúrò títí di 2018, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì wà lódìkejì ògiri yẹn.

Nítorí náà, nǹkan tí a ń wá orúkọ fún kì í ṣe ọ́fíìsì mérì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aládàáni. Mérì ló ni ín, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, àpò rẹ̀ yàtọ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má láàlà. “Ilé-iṣẹ́ ìjọba” pa ààlà yẹn rẹ́, torí létí Yorùbá, mínísítírì ni ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ẹnì kan dábàá “ẹgbẹ́ ìkọ́lé”, ó ní ẹgbẹ́ ni “société”. “Société” olójú méjì ni lẹ́nu Faransé: ó ń jẹ́ ẹgbẹ́, ó ń jẹ́ kọ́ńpìnnì. Ẹgbẹ́ tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá pe ẹgbẹ́ lórí rédíò, aṣọ ẹgbẹ́jọdá ni wọ́n máa béèrè.

Èmi náà ti ṣìnà níbí. “Filiale”, ìyẹn kọ́ńpìnnì tí kọ́ńpìnnì mìíràn bí, ara ọ̀rọ̀ ọmọ ló ti jáde nínú Látìnì, òwe oko baba tọmọ sì ń dún lórí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: “kọ́ńpìnnì ọmọ mérì”. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ìwé náà lọ bá masọ́ọ̀nù tó ń mọ ògiri lẹ́yìnkùlé wa. Ó ti po sìmẹ́ǹtì tán, ó na okùn láti igun dé igun, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi ojú kan wo búlọ́ọ̀kù bóyá ó tọ́. Mo kà á sí i létí pé kọ́ńpìnnì ọmọ mérì ló kọ́ ilé náà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ọmọ mérì ìlú wo?” ló wí. “Ṣé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni?”

Ẹni tó ń ṣe olórí ìlú ló gbọ́, kì í ṣe ọ́fíìsì. Ọjọ́ yẹn ni “ọmọ mérì” kú. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí orúkọ ènìyàn máa ń yára lẹ̀ mọ́ ilé. Àwọn ilé tí gómìnà Jakande kọ́ ní Èkó láàárín 1979 sí 1983, ilé Jakande ni wọ́n ń jẹ́ títí dòní.

Mo ní, ó dáa, “kọ́ńpìnnì ìlú” ńkọ́? Masọ́ọ̀nù dìde, ó nu irin tó fi ń rẹ́ ògiri sára ṣòkòtò. “Ẹn-ẹ́n. Tìlú nìyẹn. Bó bá wá jẹ gbèsè ńkọ́, ta ni wọ́n máa mú?”

Kò mọ Croydon o, ṣùgbọ́n ó ti débẹ̀. Ìgbìmọ̀ Croydon ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù dá tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 2015, wọ́n sọ ọ́ ní Brick by Brick, wọ́n sì yá a lówó tó súnmọ́ mílíọ̀nù 200 pọ́ùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìgbìmọ̀ náà kéde pé owó òun kò tó ìnáwó òun mọ́, owó tí kò tọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì yẹn padà wá sì wà lára ohun tó fà á. Ààlà wà láàárín oko baba àti oko ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà baba ni gbèsè sùn sí. “Ìlú” sọ èyí. “Ilé-iṣẹ́” kò sọ ọ́.

Ẹnì kan nínú yín á ní ohun tó bá ti jẹ́ tìlú kò lólúwa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Vienna, olú ìlú Austria. Láàárín 1919 sí 1934, ìlú yẹn kọ́ ilé tó lé ní 60,000 fáwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n fi lẹ́tà pupa gàdàgbà-gàdàgbà kọ ọ́ sára ògiri pé komíìnù Vienna ló kọ́ ọ, wọ́n sì kọ ọdún rẹ̀ tì í. Kò sẹ́ni tó lè ní òun ò mọ olúwa rẹ̀.

Àwọn ilé tó wà ní Ouèdo, nílẹ̀ Benin tiwa níhìn-ín, kò sí nínú èyí. Ìjọba orílẹ̀-èdè ló ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe mérì, màá sì fi gbólóhùn kan là á yé àwọn olùgbọ́ kí wọ́n má bàa da méjèèjì pọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni màá kà á. “Ilé tápá ká”, bírò ni mo fi kọ ọ́. “Kọ́ńpìnnì ìlú” ṣì wà ní pẹ́ńsùlù, ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, kó fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú.