Ṣé Ẹdẹ ni Queen's School Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́?

Ọmọ Òkè-Fìà béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ mi obìnrin ń kọ àròkọ lórí ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, ìyá mi sì sọ fún un pé Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa ní Òṣogbo níbí, ni Queen's School tó wà ní Ìbàdàn ti ṣẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló sì fà á tí ilé-ìwé girama àwọn obìnrin fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé?

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni ìyá yín sọ. Ọdún 1952 ni ìjọba dá a sílẹ̀ ní Ẹdẹ, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1967 tí wọ́n kó o lọ sí Ìbàdàn. Ní ti pípẹ́ tí ẹ béèrè, Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀: CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dá girama àwọn ọkùnrin sílẹ̀ ní 1859, ó di 1869 kí ti obìnrin tó tẹ̀ lé e, ìjọba ní tirẹ̀ dá King's College sílẹ̀ ní 1909, àmọ́ ó di 1927 kí Queen's College tó wà. Èrò ìgbà náà ni pé bí ọmọbìnrin bá ti mọ̀wé kà, tó mọ abẹ́rẹ́ lò, tó sì lè tọ́jú ilé fún ọkọ tó jẹ́ tíṣà tàbí oníwàásù, ó tó.

Bàbá Ìgbọ̀nà:
Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Kí ìjọba Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, òbí tí agbára rẹ̀ kò ju ti ọmọ kan lọ, ọkùnrin ló máa ń rán lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ru èlùbọ́ lọ sí Ọjà Ọba nígbà tí èmi ń kọ́ ABD. Bó bá di alẹ́, á jókòó tì mí nídìí àtùpà, á máa fìka tọ lẹ́tà inú ìwé mi, ó sì ń tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó ń dùn mí títí dòní. Àbúrò wa obìnrin tó bọ́ sí àsìkò ọ̀fẹ́ ló di nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè wá sọ girama náà di ọ̀fẹ́ ní 1979, àwáwí owó tán lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ǹjẹ́ ilé-ìwé obìnrin nìkan ṣì wúlò, nígbà tí ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí da àwọn kan pọ̀ mọ́ ti ọkùnrin, tí ìjọba Oyètọ́lá sì tún yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 2020?

Ìyá Ìbejì:
Lójú tèmi, ó wúlò. Níbi tí kò bá ti sí ọkùnrin, ọmọbìnrin ni yóò jẹ olórí akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ dìde láti yanjú ìṣirò lójú pátákó. Kí ọmọ yín fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams sínú àròkọ náà: Queen's College ló lọ, ìmọ̀ ìṣirò ló kọ́, ní 1985 ló sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà.