Ìdáhùn: ṣé à ń "ka" náítíréètì ni, àbí à ń fi àwọ̀ ẹ̀ wé àwọ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ látìjẹta lórí àyẹ̀wò omi tánkì ẹja yìí, èyí tá a fi ń mọ iye náítíréètì, ìyẹn èròjà tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja kó jọ sínú omi, mo kàn dákẹ́ ni, àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa wá ní ká máa pe nọ́ńbà tó bá jáde ní "kíkà náítíréètì" torí pé bí òyìnbó ṣe ń pè é náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ohun tá a bá kà lédè wa, ó lóǹkà nìyẹn, a ka ewúrẹ́, a ka ojú ìwé, tí mo bá kà á tẹ́yin náà kà á, iye kan náà ló yẹ ká bá níbẹ̀. Kíìtì olómi yìí, ìyẹn àwọn ìgò èròjà tá à ń kán sínú omi tánkì tá a bù sínú tíúbù, ò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú tíúbù ló ń pa àwọ̀ dà, a ó gbé e síwájú pépà funfun nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, a ó wò ó lọ́tùn-ún wò ó lósì, ká tó sọ pé ó jọ 20 tàbí ó jọ 40, ìyẹn iye mílígíráàmù tó wà nínú lítà omi kan. Ohun tí mo dábàá ni "ìfàwọ̀wé", fi àwọ̀ wé ló bí i. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní kó jẹ́ ìfàwọ̀wáwọ̀ torí ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ahọ́n wa.

Ẹ tún wo àwọ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀. Káàdì àwọ̀ tó bá kíìtì tèmi wá, tá à ń fi àwọ̀ omi wé, bẹ̀rẹ̀ látorí àwọ̀ ìyeyè fún 0, ó gba orí àwọ̀ ọsàn, ó wá ń pọ́n lọ títí dé 160. Ẹ bi àwọn àgbà, pupa ni gbogbo ẹ̀! Ẹni tí awọ ẹ̀ mọ́lẹ̀ pupa ni, wúrà pupa ni, ẹ̀jẹ̀ náà pupa ni. Ìyẹn ni àbúrò wa kan fi ní èdè wa ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Irọ́ ni jàre. A ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, a ní pupa rúsúrúsú, a ní pupa fòò, a ní pọ́n rẹ̀rẹ̀, mo ti fi bírò kọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lára káàdì mi, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ ju nọ́ńbà lọ. Ibi tí gbogbo wa ti máa ń há ni àárín 40 sí 80, torí méjèèjì ló pọ́n rẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ká "dàlúùtì" ẹ̀. Bomi là ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀! Ẹ bu omi tánkì ìwọ̀n kan, ẹ fi ìwọ̀n mẹ́ta omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú ẹ̀ là á, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ fi 4 sọ èsì di púpọ̀.

Ní ti "iyọ̀ ìdọ̀tí" tí wọ́n ní ká fi pe náítíréètì, mi ò fẹ́ ẹ, ìdọ̀tí inú tánkì pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ náítíréètì àti náítíráìtì náà ti jọra jù, ẹni tó bá ń yára tẹ̀wé á gbé ọ̀kan fún èkejì. Ìyàtọ̀ wọn ò ju ọ́síjìn kan lọ, ọ̀kan ní mẹ́ta, èkejì ní méjì, torí náà mo ní ká máa pè wọ́n ní "ọlọ́síjìn-mẹ́ta" àti "ọlọ́síjìn-méjì". Ó ní ìdí. Ohun tí kíìtì ń ṣe gan-an nìyẹn, ìyẹ̀fun síǹkì tàbí irú ẹ̀ tó wà nínú ìgò máa yọ ọ́síjìn kan lára ọlọ́síjìn-mẹ́ta, á di ọlọ́síjìn-méjì, òun ni èròjà tó kù máa wá pa láró. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé tí ọlọ́síjìn-méjì bá ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀, á kó wọnú èsì, nọ́ńbà á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyẹ̀fun yẹn ló fojú mi rí màbo. Oṣù mẹ́ta gbáko ni omi mi ń jẹ́ 5, bí mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, 5 náà ni, mo wá ń yangàn. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìgò kejì sókè sí iná, mo rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti silẹ̀ tó dì mọ́ ìdí ẹ̀. Mo gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo mì í títí apá fi ń ro mí, mo tún àyẹ̀wò ṣe, omi pọ́n rẹ̀rẹ̀, ó ti kọjá 40! Torí ẹ̀ ni mo fi ní "èsì tí kì í yẹ̀" yàtọ̀ sí "èsì tó péye", ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì. 5 tèmi ò yẹ̀ rí, irọ́ ló sì ń pa.

Ohun tó lè dá a mọ̀ ni omi tá a ti mọ iye inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ ká pè é ní "omi adájọ́". Pọ̀táṣíọ̀mù náítíréètì gíráàmù 1.63 nínú omi aláìníyọ̀ tó jẹ́ lítà 1 lápapọ̀ máa fún yín ní mílígíráàmù náítíréètì 1000, ẹ mú mílílítà 20 nínú ẹ̀, ẹ bomi là á títí á fi pé lítà 1, 20 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí kíìtì yín bá ní 5, ẹ̀bi ẹja kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó jà lórí nọ́ńbà ara yín, àwọn kíìtì kan ń wọn odidi náítíréètì, àwọn míì ń wọn náítírójìn inú ẹ̀ nìkan, 10 ti náítírójìn jẹ́ 44.3 ti odidi náítíréètì, ẹ máa fi 4.43 sọ ti náítírójìn di púpọ̀. "Náítíréètì odidi" àti "náítírójìn inú náítíréètì" ni mo ń kọ sínú ìwé tèmi. Ó gùn, mo mọ̀, ẹni tó bá rí èyí tó kúrú kó mú un wá.