RE: "Akókọjá-òkun" kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n o, kápútéènì ọkọ̀ ni

Ẹ̀yin ará,

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń fi ojú "a" tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rí yìí pọ̀ jù.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé Melbourne ní Australia ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọmọ Tasmania, erékùṣù kan ní Australia, ni ìyàwó wọn. Àwọn ọmọ wá ìdílé ìyá wọn lọ sẹ́yìn nínú ìwé ìjọba, wọ́n sì kan baba ńlá kan tí ilé ẹjọ́ London dá ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún nítorí aṣọ tó jí ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Hobart ní Tasmania. Ìyá ẹ̀gbọ́n wa wà ní Ìbàdàn, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn ní Yorùbá. Kí ni kí wọ́n pe irú ẹlẹ́wọ̀n bíi baba ńlá yìí? Ìbéèrè ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ni àwọn ọlọ́gbọ́n bá dìde.

Ẹnìkan ní "akókọjá-òkun". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é sókè kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Apẹja ń pẹja, akọrin ń kọrin, agbẹjọ́rò ń gbẹjọ́ rò. "A" olóhùn àárín ló ṣáájú gbogbo wọn, ẹni tó ń ṣe nǹkan sì ni gbogbo wọn. Akókọjá-òkun, ẹni tó kó wọn kọjá òkun ni. Ẹ ti sọ baba ńlá àwọn ọmọ yìí di ọ̀gá ọkọ̀! Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà fèsì pé àṣìtẹ̀ ni, "à" ló wà lọ́kàn òun. Ó dáa. Àkójọ, àkọsílẹ̀, àmúwá. Gírámà gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n kí là ń kó? Ẹrù là ń kó, ilẹ̀ là ń kó, ẹrú ni wọ́n ń kó. Ẹnìkan ṣoṣo, gbígbé là ń gbé e. Bó bá jẹ́ gbogbo irú ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ lápapọ̀ lẹ fẹ́ dárúkọ, "kó" á bá a mu, torí wọ́n kó wọn lóòótọ́: nǹkan bí 162,000, láti 1788 tí ọkọ̀ 11 àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Australia títí di 1868 tí èyí tó kẹ́yìn dé Fremantle. Kó tó dìgbà náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń dà wọ́n sí, tó bíi 50,000, kí ogun òmìnira tó ti ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ni baba ńlá yìí, ó sì lórúkọ.

Ẹni tó ní "ìgbèkùn" àti ẹni tó mú "ìkólọ" jáde látinú Bíbélì àtijọ́, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣubú. Ogun ló ń kó ni nígbèkùn. Ta ló dá ẹjọ́ fún Síónì kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Bábílónì? Adájọ́ jókòó sọ́rọ̀ ọkùnrin yìí, wọ́n ka iye ọdún fún un.

"Ìwọ̀fà ìjọba" ló kù díẹ̀ kó mú mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó sáàárín ògiri nígbà tí wọ́n débẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n fún, wọ́n á ro oko, wọ́n á da àgùntàn, ọ̀gá á bọ́ wọn. Ìwọ̀fà tán sì kọ́ yẹn? Kò tán. Gbèsè ló ń bí ìwọ̀fà, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ìyá bàbá mi ṣe ìwọ̀fà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, nítorí owó tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn yá. Bí ọmọ ilé kan bá ṣi ẹnu sọ pé wọ́n ṣẹrú rí, wọ́n á gbé ọmọ orógùn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Wọ́n fi mí ṣọwọ́ sí Ìsẹ́yìn ni. Wọ́n fi mí sọfà, wọn ò tà mí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó ro ọkà wọn lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mú ọ̀rọ̀ tèmi: ẹlẹ́wọ̀n àfiṣọwọ́. Àfipamọ́, àfirọ́pò, àfiṣọwọ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní lẹ́tà là ń fi ṣọwọ́. Ẹ lọ bá ìyá bàbá mi jà lọ́run. Mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní ilé ìwé girama, ìyá bàbá mi ò sì kàwé rárá, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ ibi tí etí wọn ti ṣì mí lọ́nà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti arákùnrin tó túmọ̀ ticket of leave sí "tíkẹ́ẹ̀tì ìsinmi". Ìsinmi kẹ̀! Ṣé ó fẹ́ lọ kí ẹbí nílé ni? Ìwé tí wọ́n ń fún ẹlẹ́wọ̀n kí ọdún rẹ̀ tó pé ni, kó lè wáṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó gba owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kúrò ní àgbègbè tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda ni. Bí ọdún bá wá pé, ìwé òmìnira. Àwọn kan sì ń gba ìdáríjì tí kò jẹ́ kí wọ́n padà sí Bìrìtìkó láéláé. Ìdáríjì oní-ṣùgbọ́n ni mo pe ìyẹn, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ kọ̀ ọ́.

Ẹnìkan tún pa òwe lé e lórí pé ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òwe kò purọ́, àmọ́ ta ló sọ fún un pé olè ni gbogbo wọn? William Cuffay, télọ̀, tí bàbá rẹ̀ ṣẹrú ní erékùṣù St Kitts ní Karíbíà, ìjà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ló bá dé ẹ̀wọ̀n ní 1848. Wọ́n dárí jì í ní 1856, kò padà sílé, Hobart ló kú sí ní 1870. Àwọn àgbẹ̀ 6 láti Tolpuddle, abúlé kan ní England, ní 1834, ìbúra ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn.

Ìtìjú wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Erékùṣù náà gan-an sá fún orúkọ: Van Diemen's Land ló ń jẹ́ títí di 1856 tí wọ́n pè é ní Tasmania. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló gbé ọ̀rọ̀ baba ńlá wọn jẹ. Màmá tó wà ní Ìbàdàn náà á sì béèrè, bí mo ṣe mọ àwọn ìyá wa: "Ìwádìí wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ́ ọmọ wọn?"

Ẹ̀gbọ́n wa fi ẹ̀dà ìwé ìjọba nípa baba ńlá náà ránṣẹ́ sí mi. (UNESCO ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí àkójọ Ìrántí Àgbáyé ní 2007.) Ẹni tó bá ti wo ìwé Freetown ní Sierra Leone rí, èyí tí wọ́n fi kọ orúkọ àwọn tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí àwọn baba Sàró wà nínú rẹ̀, á mọ ọwọ́ irú akọ̀wé yìí: orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, àmì ara. Ti baba ńlá yìí, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 3, irun rẹ̀ pọ́n, eyín iwájú kan ti ká. Lẹ́yìn náà ni ìwà rẹ̀: ó mutí yó, ó fún ọ̀gá lésì, ó sá lọ ọjọ́ 2, wọ́n tì í mọ́ yàrá òkùnkùn pẹ̀lú búrẹ́dì àti omi. Lápá òsì, ó fín ìdákọ̀ró àti lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹnìkan tí kì í ṣe ìyàwó tó padà fẹ́ ní Hobart.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ti lẹ́tà méjì yẹn fún Màmá ṣáájú ti aṣọ tó jí.

Lórí àríyànjiyàn bóyá "òǹdè" tàbí "oǹdè" ni ká máa kọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, n kò tíì gbà. Ìwé tí ẹ fi ń halẹ̀ mọ́ mi pé "oǹdè" ni, atẹ̀wé ló gbàgbé àmì.